Sítúdíò Inú Ilé ní Ìnísà: Kí Ló Yẹ Kówó Kọ́kọ́ Bá Lọ?

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dá sítúdíò sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lágbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, láptọ́ọ̀pù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá ètò orin FL Studio, yóò wá máìkì dídán kan tó rí lórí fóònù, yóò sì wá fóòmù dúdú oníṣóńṣó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ iná, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ètò yẹn ni mo fẹ́ kí á dorí rẹ̀ kodò. Lójú tèmi, yàrá ló yẹ kówó kọ́kọ́ bá lọ, kí iná tẹ̀ lé e, kí máìkì ṣìkẹta, kí kọ̀ǹpútà wá kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kò ní ohùn tirẹ̀. Ohun tí yàrá bá gbé fún máìkì, tí máìkì sì gbé fún un, náà ni yóò kọ sílẹ̀, tibi tire.

Ibi tí a wà ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gba Òṣogbo kọjá sí Ìkìrun, tó gba Òkukù dé Ọ̀fà, ti bí olórin ńláńlá fún Yorùbá. Òṣogbo ni wọ́n bí King Sunny Adé sí lọ́dún 1946. Ọ̀fà ni wọ́n bí I. K. Dáíró sí lọ́dún 1930, káfíńtà rélùwéè sì ni bàbá rẹ̀. Àárín ìlú méjèèjì ni Ìnísà jókòó sí. Ní Òkukù tó múlé gbè é, ọ̀mọ̀wé Karin Barber lo ọdún mélòó kan láàárín àwọn ọdún 1970 lẹ́nu gbígba oríkì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìlú, ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 1991, ó sì sọ Òkukù di orúkọ tí wọ́n mọ̀ ní yunifásítì káàkiri àgbáyé. Ohùn pọ̀ lágbègbè yìí ju owó lọ. Bí a ó ṣe fi owó kékeré gba ohùn náà sílẹ̀ nílé, kó sì dùn ún gbọ́, ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀.

Látìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbohùnsílẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ ìrìn-àjò fún Yorùbá. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, gba orin ìyìn lédè Yorùbá sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone lọ́dún 1922, Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣe é. Ẹnu ìwo ńlá kan ni wọ́n ń kọrin sí nígbà náà, torí nǹkan bí ọdún 1925 ni máìkì oníná tó wọ iṣẹ́ àwo. Nígbà tó ṣe, iṣẹ́ náà sún mọ́ wa dé Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì wọ́n bí ojú. Lọ́dún 1973 tí Paul McCartney, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá, ẹ̀rọ téèpù kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ohùn mẹ́jọ péré ló sì lè gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún yẹn náà ni Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí Ìkẹjà. Nígbà tó di ọdún 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, gbé sítúdíò àti ilé ìtẹ àwo Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Èyí ni mo gbóríyìn fún jù nínú gbogbo ìtàn náà. Olórin kan gbé ilé iṣẹ́ lọ bá orin níbi tí orin wà. Ṣùgbọ́n owó tó ná síbẹ̀, mélòó nínú wa ló lè ná an?

Lónìí, láptọ́ọ̀pù tó mọ níwọ̀n lè to ọgbọ̀n ohùn jọ láìrẹ̀ ẹ́. Ìparí ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé FruityLoops jáde, èyí tí a ń pè ní FL Studio báyìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ pùródúsà Nàìjíríà fi mọ iṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fà yọ ni ti olórin Amẹ́ríkà, Billie Eilish, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Finneas, tí wọ́n gba àwo sílẹ̀ nínú yàrá ilé òbí wọn ní Los Angeles. Àwo náà jáde lọ́dún 2019, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó ta yọ jù lọ́dún 2020. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé ládùúgbò tó dákẹ́, tí iná kì í lọ, ni yàrá náà wà, àti pé ẹlòmíràn tó fi iṣẹ́ náà jẹun, Rob Kinelski, ló bá wọn po ohùn náà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ aráyé. Ẹni tó bá ń gbà á láwòkọ́ṣe ní Ìnísà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti iná tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wọ yàrá. Èyí tó pọ̀ jù nílé wa ni wọ́n ń pè ní ten by ten: ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, àjà rẹ̀ náà kì í sì í jìnnà sí 10 sókè. Kò sí ìrísí yàrá tó burú tó èyí fún ohùn. Nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ògiri méjì tó fi mítà mẹ́ta jìnnà síra, béèsì tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n ìgbà 57 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, yóò máa wú sí i. Bí gígùn, ìbú àti òkè bá dọ́gba, béèsì kan náà ni gbogbo wọn yóò jọ máa gbé ga. Ìdí nìyí tí béèsì fi ń hó ní igun yàrá, tó sì ń sọnù láàárín rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sáàárín kò gbọ́ béèsì, yóò fi kún un, yóò tún fi kún un. Ìgbà tí orin náà bá dé inú ọkọ̀ akérò tí a kò gbọ́ ohùn olórin mọ́ nítorí béèsì ni yóò tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bí àyè bá wà, yàrá tí gígùn rẹ̀ ju ìbú lọ ló dára, kí á sì ti tábìlì sọ́dọ̀ ògiri rẹ̀ tó kúrú. Bí kò bá sí, kí á má ṣe jókòó sáàárín gbùngbùn, kí á sì kó ohun tó nípọn sí àwọn igun. Fóòmù dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò nípọn tó ìka mẹ́ta. Ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ òkè nìkan ló ń gbé mì. Béèsì tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ohun tí yóò bá dá a dúró láti ìdí ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti nípọn tó mítà kan. Fóòmù ibùsùn tó ti gbó, tí a gbé dúró nígun méjì, tí a to àpò aṣọ àlòkù sẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣe ju ọgọ́rùn-ún ègé fóòmù dúdú lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún bámúbámú, tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, dára púpọ̀ lẹ́yìn akọrin. Páálí ẹyin kò wúlò fún nǹkan kan níbẹ̀ ju kó kó eruku àti aáyán jọ, mo sì fẹ́ kí á fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ìyẹn ni ti gbohùngbohùn inú yàrá. Ti ariwo tó ń wọlé láti ìta, ọ̀tọ̀ ni. Fóòmù kì í dínà ariwo, ohun tó wúwo ló ń dí i. Ògiri alámọ̀ tí àwọn baba wa fi kọ́ agboolé, tó nípọn tí ó sì wúwo, ń dá ariwo dúró dáadáa. Ẹni tí yàrá kan bá ṣófo fún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ ṣì le, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó lọ gba ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù lójú títì. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a kò rẹ́ tinútòde kò lè dá ariwo dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tú àṣírí gbogbo ògiri ni ilẹ̀kùn pákó fẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé, àti àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti páànù. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibẹ̀ gbà, ohùn rí ibẹ̀ gbà. Kí á dí i.

Ojú títì Òṣogbo sí Ọ̀fà kì í sùn. Tírélà tó bá kọjá ní Ìnísà ń mi ilẹ̀, ìmìtìtì náà sì ń gba ẹsẹ̀ ìdúró máìkì gòkè wọnú ohùn. Kí á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí fóòmù tó ki, kí á sì yàn nínú kọ̀ǹpútà pé kí ó gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz (ìgbọ̀n 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kúrò lára ohùn ènìyàn. Sí èyí ni kí á fi ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò kún, àti jẹnẹrétọ̀, àti ìpè àdúrà, àti ìsọjí alẹ́. Olórí ìṣòro ni òjò. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò lórí páànù lè fòpin sí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àjà onípákó tí a kó òwú tàbí aṣọ lé lórí yóò dín in kù, kò ní pa á. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí sítúdíò ilé máa tẹ̀ lé ìgbà: kí á fi ojú ọjọ́ òjò ṣe bíìtì, àtúntò àti ohùn kan tàbí méjì, kí á fi ọyẹ́ sílẹ̀ fún ìlù àti ẹgbẹ́ akọrin. Ọyẹ́ tún dára fún ìlù fúnra rẹ̀, torí awọ máa ń le nígbà náà. Lákòókò òjò, ó ń rọ̀, onílù ní láti máa sá a sóòrùn tàbí kó yá a níná kó tó lè sọ̀rọ̀.

Iná ló kàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè gbára lé mọ́. Kódà bí epo bá pọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ínfátà àti bátìrì ni mo fara mọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ nǹkan bí 60 wáàtì, gílóòbù LED kan ń jẹ 10, sound card (ẹ̀rọ tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) tó ń gba iná láti ara láptọ́ọ̀pù kò jẹ ju mẹ́ta lọ. Ká pe gbogbo rẹ̀ ní 75. Bátìrì kan tó jẹ́ fóòtì 12, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200 Ah, ní wáàtì-wákàtí 2400 nínú, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kí á lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ínfátà náà yóò sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ku nǹkan bí 1000. Ìyẹn tó iṣẹ́ wákàtí mẹ́tàlá. Bí a bá tan sípíkà àti fáànù mọ́ ọn, tó di 165 wáàtì, wákàtí mẹ́fà ló kù. Ẹni tó bá fi hẹ́dìfóònù ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì tan sípíkà nígbà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nìkan, bátìrì kan yóò gbé e kọjá ọ̀sán àti alẹ́. Kí á béèrè fún ínfátà tí ìgbì iná rẹ̀ jẹ́ pure sine wave. Èyí tó dínwó ń fi ariwo hùn-ùn-ùn sínú máìkì. Bí ariwo náà kò bá lọ, kí á yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí á fi bátìrì inú rẹ̀ gba ohùn náà sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò dákẹ́.

Lórí máìkì, mo ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ. Wọ́n á ní dandan ni kí á ra condenser, èyí tó nílò iná 48 fóòtì láti ara sound card, torí pé òun ló ń gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́, ó sì ń gbọ́ àkùkọ ilé kejì. Nínú yàrá tí kò tíì dákẹ́, máìkì dynamic bíi Shure SM58, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1966, tí a sún mọ́ ẹnu tó ìbú ọwọ́ kan, ni yóò fún wa ní ohùn tó mọ́ jù. Sísún mọ́ ọn gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá dín àárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn náà á fi nǹkan bíi 6 dB ga sí i, ariwo ìta kò sì ní ga ju bó ṣe wà. Kí á ṣọ́ra fún ayédèrú SM58, ó kún ọjà. Condenser ní ọjọ́ tirẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Sound card oníhò méjì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bíi Focusrite Scarlett 2i2 tàbí ti Behringer, tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú ìlù gbọ́dọ̀ wo oníhò mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Hẹ́dìfóònù tó bo etí pátápátá ni kí akọrin lò, kí ohùn bíìtì má baà jò padà sínú máìkì.

Kọ̀ǹpútà kò gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní RAM 8 GB àti SSD ti tó. Ètò ìgbohùnsílẹ̀ Reaper ń jẹ́ kí á lò ó fún 60 ọjọ́ kí á tó sanwó, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún 2000, ó sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ kí ó gé e. FL Studio dára fún bíìtì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n jí, tí wọ́n ń pín lórí flash, máa ń gbé kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà, bí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bá sì bá a lọ, kò sẹ́ni tí a ó mú. Ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni ìdádúró: akọrin yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ tán. Níbi tí wọ́n kọ buffer sí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ó bá wà ní 1024, tí a ń ṣiṣẹ́ ní 48 kHz, ó lé ní ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ohùn tó jáde, ìyẹn ni pé bí ẹni gbọ́ ìlù láti ibi tó jìnnà tó mítà méje ni. Kí á sọ ọ́ di 128 nígbà tí a bá ń gbà á sílẹ̀, kí á dá a padà sókè nígbà tí a bá ń po orin pọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìlù àti oríkì, torí ibẹ̀ ni sítúdíò Ìnísà ti lè ṣe ohun tí ti Èkó kò lè ṣe. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Akin Euba, onímọ̀ orin, kọ odidi ìwé lé dùndún lórí lọ́dún 1990, síbẹ̀ àwọn tó ń ta ohùn ìlù sínú kọ̀ǹpútà ń ṣe é bíi pé ohùn kan tàbí méjì ló ní. Ọ̀sán tí onílù ń fún mọ́ra tó sì ń tú sílẹ̀ ló ń mú ohùn gòkè tó ń mú un sọ̀ kalẹ̀. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bọ́tìnì orí kíbọọ̀dù ń fò láti ìpele kan bọ́ sí ìkejì ni, ìyáàlù sì ń yọ́ lọ ní tirẹ̀. Kò sí bí a ó ṣe tò ó tí ọmọ àyàn kò ní mọ̀ pé kò sọ̀rọ̀. Bí a bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀, onílù ni kí á pè.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń gbé máìkì fún un. Onílù so ìyáàlù kọ́ èjìká, ó fi kọ̀ǹgọ́ lu ojú kan, ọwọ́ kejì wà lára ọ̀sán, ṣaworo tò yí ojú ìlù ká. Bí a bá gbé máìkì lé ojú awọ gan-an, ṣaworo ni yóò gba gbogbo rẹ̀, ariwo kọ̀ǹgọ́ yóò sì máa gún etí. Kí á fà á sẹ́yìn tó ìwọ̀n apá kan, kí á yí i díẹ̀ kúrò níwájú kọ̀ǹgọ́ kó kọjú sí àárín ìlù níbi tí ọ̀sán wà, kó lè gbọ́ awọ àti ara igi pọ̀. Níhìn-ín ni condenser ti wúlò, bí yàrá bá ti dákẹ́. Kí á sọ fún onílù kó lu ibi tó le jù nínú ohun tó fẹ́ lù, kí á sì tún agbára rẹ̀ ṣe títí tí òkè rẹ̀ kò fi ní kọjá nǹkan bíi −12 dB, torí nígbà tí orí rẹ̀ bá gbóná, yóò lù ju bó ṣe ṣèlérí lọ. Gúdúgúdú kéré lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú; kí á fi í jìnnà sí máìkì ìyáàlù, kí ẹ̀yìn máìkì náà sì kọ sí i.

Ọ̀nà tí pùródúsà ń gbà ṣiṣẹ́ lónìí ni kí á gba ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan: kí kọ̀ǹpútà máa lu kọ́n-kọ́n-kọ́n létí olórin, kí olúkúlùkù wá ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Fún hip-hop àti fún ọ̀pọ̀ orin ìjọ, ó dára. Fún dùndún, ó ń pa á. Ìyáàlù ló ń pàṣẹ fún ìyókù, ó ń sáré, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń ki ẹni tó wọlé. Omele àti gúdúgúdú ń gbọ́ ọ, wọ́n ń dáhùn. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á lu ohun tí a ní kí wọ́n lù, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì ti lọ. Kí á gbà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró lóde, kí á má bẹ̀rù bí ohùn ẹnì kan bá jò sínú máìkì ẹnìkejì.

Ti oríkì tún ju ìyẹn lọ. Ohun kan tí iṣẹ́ Karin Barber ní Òkukù fi hàn gbangba ni pé ẹni kan ni oríkì ń kọjú sí. Obìnrin tó ń kì ń ki ẹnì kan, ojú ẹni náà ló ń wò, ìṣesí rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Bí a bá gbé ìyá àgbàlagbà kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a fi hẹ́dìfóònù dé e létí, tí a ní kó bẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò sọ kò ní ju kíká lọ. Kí ẹni tí wọ́n ń kì jókòó níwájú rẹ̀. Kí àwọn ará ilé tó mọ oríkì náà wà níbẹ̀, kí wọ́n máa dáhùn. Kí máìkì dúró níbi tí kò ní dí ojú, tó apá kan sí ẹnu rẹ̀, torí yóò yí orí, yóò na ọwọ́, ó sì lè dìde. Iṣẹ́ ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ni kó dákẹ́.

Autotune tó ń tún ìró ohùn ṣe náà ńkọ́? Ọdún 1997 ló dé, ó sì ní ẹwà tirẹ̀ nígbà tí olórin bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin Yorùbá, ìró òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ èyí. Ìró tó ń yọ́ lọ láti ìsàlẹ̀ sí òkè, yóò gbé e sórí ìpele tó sún mọ́ ọn jù, yóò sì dè é mọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá yàn án kó le, gbólóhùn tó dára á di ohun tí ìyá olórin fúnra rẹ̀ ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kí á yàn án kó rọra ṣiṣẹ́, kí á lò ó níbi tí ohùn ti ṣáko nìkan, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa sì gbọ́ orin náà láìwo ọ̀rọ̀ kó tó jáde.

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá ń retí pé ìkànnì orin bí Audiomack tàbí Boomplay ni yóò dá owó rẹ̀ padà yóò dúró pẹ́. Ohun tó lè gbé sítúdíò ró níhìn-ín ni orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ìpolówó ọjà àti ti òṣèlú, ohùn fún fíìmù, ìwàásù àti wáàsí, àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ní ọgbà ní Òkukù. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un tí kò wọ́pọ̀: kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú, ìwúyè tàbí ìgbéyàwó tí ohùn bàbá tàbí ìyá wọn wà nínú rẹ̀, tí kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì dára, tí a nu orí rẹ̀ mọ́, tí a so mọ́ sound card, ti tó. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun yóò sanwó rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ohùn kò ṣe é fi sílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀ náà. Nítorí náà, kí á bá onílù àti akéwì ṣàdéhùn lórí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: iye tí a ó san lójú ẹsẹ̀, ibi tí ohùn náà lè dé, àti ohun tí yóò jẹ́ tiwọn bí orin náà bá tà. Bí wọn kò bá mọ̀wé, kí á kà á sí wọn létí níwájú ọmọ wọn. Àgékù ìyáàlù tí a gbà ní Ìnísà lè di bíìtì ẹlòmíràn ní Atlanta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì dára.

Ó ku ibi tí a ó kó o pamọ́ sí. Ohùn kan ní 48 kHz àti 24-bit ń gba nǹkan bí 8.6 MB ní ìṣẹ́jú kan. Máìkì mẹ́fà fún wákàtí kan ti lé ní 3 GB. Kí á má sọ ọ́ di MP3 nítorí àtidín àyè kù, WAV ni kí á tọ́jú. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí díìsìkì méjì tí kò sí nílé kan náà, ọ̀kan ní Ìnísà, èkejì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Òṣogbo. Kí a sì fi ohùn ara wa ṣáájú gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbà: orúkọ ẹni tó ń kì, agboolé rẹ̀, orúkọ onílù kọ̀ọ̀kan àti ìlù tó gbé, ìlú, ọjọ́, oṣù àti ọdún.